Ẹ̀jẹ̀ Ìyá àti Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Inú Rẹ̀

Nínú ẹ̀kọ́ tó kọjá, a kọ́ bí a ti í ka ìwé owó iná. Ìwé tí a fẹ́ kà lónìí kéré ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wúwo. Òun ni káàdì tí wọ́n máa ń fún obìnrin tó lóyún ní ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má ṣe dìde. Ọ̀rọ̀ náà kàn yín, ẹ ó sì rí i níwájú.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a pe àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sókè kí ẹnu wa lè mọ̀ wọ́n: ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀, ibi ọmọ, ìwọ́, ibà pọ́njú, àyẹ̀wò, abẹ́rẹ́. Ẹ tún wo àmì méjì yìí: + àti −. Ẹ ti mọ̀ wọ́n nínú ìṣirò. Àròpọ̀ ni èkíní, ìyọkúrò ni èkejì. Nínú ìwé ẹ̀jẹ̀, wọn kì í ṣe ìṣirò. Wọ́n ń pe èkíní ní pọ́sítífù, ìyẹn ni pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Wọ́n ń pe èkejì ní nẹ́gẹ́tífù, ìyẹn ni pé nǹkan náà kò sí.

Ẹ̀jẹ̀ gbogbo ènìyàn ló pupa, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ará Ládìpọ̀ ni wá, ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kó ṣòro fún wa. Bí ẹnì kan bá wá ra páàtì mọ́tò lọ́wọ́ yín, ẹ kì í kàn gbé e fún un torí pé ó jọ ti mọ́tò rẹ̀. Ẹ ó bi í pé: mọ́tò wo ni? Ọdún wo ló jáde? Páàtì méjì lè jọra lójú, kí ọ̀kan má sì wọlé rárá. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ rí. Ní ọdún 1901, dókítà kan ní ìlú Vienna, Karl Landsteiner, fi hàn pé bí a bá da ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn, nígbà mìíràn wọn a dàpọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, nígbà mìíràn wọn a ṣù bí ògì tí a kò rò dáadáa. Láti inú iṣẹ́ rẹ̀ àti ti àwọn tó tẹ̀ lé e ni a ti mọ ẹ̀yà mẹ́rin: A, B, AB àti O. Ní 1940, òun àti Alexander Wiener kéde òmíràn tí wọ́n pè ní Rh. Ẹni tó ní i ni pọ́sítífù, ẹni tí kò ní i ni nẹ́gẹ́tífù. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí O+ tàbí A− lórí káàdì.

Nílẹ̀ wa níhìn-ín, nǹkan bí ìdajì àwọn ènìyàn ló ní ẹ̀yà O. Àwọn nẹ́gẹ́tífù kò pọ̀, bí 5 nínú 100 ni wọ́n. Láàrin àwọn òyìnbó, wọ́n tó 15 nínú 100. Ẹ má ṣe rò pé 5 kéré o. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà ọjà Ládìpọ̀ láàárọ̀, kí ẹ ka obìnrin 100 tó kọjá. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi kà wọ́n tán, àwọn bíi márùn-ún yóò sì wà nínú wọn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ fún mi pé, "Tíṣà, AA lèmi o, kò sóhun tó kàn mí." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. AA, AS àti SS, jẹ́nótáìpù ni wọ́n ń pe ìyẹn, ọ̀rọ̀ àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni. Ó ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni à ń sọ. Ẹni tó jẹ́ AA lè jẹ́ O−.

Bí ìjà ṣe ń bẹ̀rẹ̀

Nínú oyún, ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ẹ̀jẹ̀ ọmọ kì í ṣàdédé dàpọ̀. Ibi ọmọ ló wà láàrin wọn bí asẹ́. Oúnjẹ ń gba ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọmọ, ìdọ̀tí ń gba ibẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìbímọ, nígbà tí ibi ń já, ẹ̀jẹ̀ ọmọ díẹ̀ lè bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Ó lè ṣẹlẹ̀ bákan náà bí oyún bá wálẹ̀, bí ìyá bá fi ikùn ṣubú, tàbí bí ó bá ń rí ẹ̀jẹ̀ nígbà tí oyún ṣì wà nínú.

Bí ìyá bá jẹ́ nẹ́gẹ́tífù, tí ọmọ sì gba pọ́sítífù lọ́dọ̀ baba rẹ̀, ara ìyá yóò rí àlejò tí kò mọ̀ rí. Ohun tí ọlọ́dẹ ń ṣe fún àlejò òru ni ara á ṣe: á dojú kọ ọ́. Á dá ọmọ-ogun sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Èyí ń gba àkókò, nítorí náà àkọ́bí sábà máa ń bọ́. Ọmọ kejì ni ìyà máa ń jẹ, nítorí ara kì í gbàgbé. Ibi ọmọ a máa jẹ́ kí ọmọ-ogun ìyá kọjá sọ́dọ̀ ọmọ. Oore ló fi ń ṣe, torí àwọn ọmọ-ogun wọ̀nyí ló ń gba ọmọ lọ́wọ́ àrùn ní oṣù àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó wá bá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jà náà ń bá wọn wọlé. Wọn a máa fọ́ hóró ẹ̀jẹ̀ pupa inú ọmọ.

Hóró pupa tó bá fọ́ a di ohun rúsúrúsú kan tí wọ́n ń pè ní bilirúbìn. Níwọ̀n ìgbà tí ọmọ wà nínú, ara ìyá ń bá a gbá a dànù. Bí a bá ti bí i, ẹ̀dọ̀ tirẹ̀ ló kù, ẹ̀dọ̀ náà kò sì tíì gbó. Bilirúbìn á kún ojú àti ara rẹ̀. Òun ni ibà pọ́njú ọmọ tuntun. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò wọ inú ọpọlọ. Ọmọ náà lè kú. Bí kò bá kú, ó lè di adití, tàbí kí ọrùn rẹ̀ má dúró, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ máa lọ́. Ẹ ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ládùúgbò. Àwọn ará ilé a ní ayé ló ṣe é.

Ìyá kan wà nínú kíláàsì wa tó ń din àkàrà. Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, mo ní kí olúkúlùkù mú káàdì tó bá ní wá. Ti ìyá yìí ti pẹ́, ó wé e sínú ọ̀rá, ó sì so ọ̀rá náà. Mo ní kí ó kà á fún wa. Ó fi ìka tọ́ ọ. "O," ni ó wí. Ó dúró. Ó wò mí. "Ìyọkúrò ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, Tíṣà."

Mo bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin ìyá, ọmọ mélòó lẹ bí?"

"Mẹ́ta. Ọ̀kan ló wà. Èkejì pọ́n bí ìyeyè, ó lọ lọ́jọ́ kẹta. Òkú la bí ìkẹta."

"Ṣé wọ́n sọ ohun tí àmì yìí jẹ́ fún yín níbi tí ẹ ti gba káàdì?"

"Wọ́n ní kí n tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Mo tọ́jú ẹ̀. Kò sọnù."

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì fún ìgbà díẹ̀. N kò dárúkọ ibi tí wọ́n ti gba káàdì náà, nítorí kì í ṣe ibẹ̀ nìkan ni irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rí i: nǹkan bí ẹyọ lẹ́tà kan àti ìlà kékeré kan ni ìyá yìí ìbá kà.

Abẹ́rẹ́ kan wà

Ìjà ti Rh yìí ṣeé dá dúró. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní anti-D ti jáde láti 1968, láti ọwọ́ àwọn oníṣègùn ní Liverpool àti New York. Abẹ́rẹ́ náà á pa ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó ṣìnà sínú ìyá rẹ́ kí ara ìyá tó rí i. Bí ìyá bá jẹ́ nẹ́gẹ́tífù, tí ọmọ tó bí sì jẹ́ pọ́sítífù, kí wọ́n gún un láàrin wákàtí 72 tó bímọ. Wọ́n tún ń gún un nígbà tí oyún bá pé ọ̀sẹ̀ 28, àti lẹ́yìn tí oyún bá wálẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: bí ọmọ-ogun bá ti dá sílẹ̀ nínú ara ìyá, abẹ́rẹ́ náà kò lè tú wọn ká mọ́. Ìdí nìyí tí a kì í fi í dúró di ọmọ kejì. Owó rẹ̀ kò kéré, kì í sì í wà nílẹ̀ níbi gbogbo, nítorí náà inú oyún ni kí ẹ ti máa bi wọ́n léèrè rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ ìkúnlẹ̀.

Inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn tó fi tinútinú ṣe ìtọrẹ ni wọ́n ti ń rí i. Ọ̀kan nínú wọn ni James Harrison, ará Ọsirélíà, tó kú ní 2025. Ó ju ìgbà 1,100 lọ tó na apá rẹ̀ sílẹ̀, láti 1954 títí di 2018.

Ohun tí wọ́n ń ṣe nínú lábù

Ẹ̀rù lábù máa ń ba àwọn èèyàn wa. Wọ́n ní, "Kí ni wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ wa ṣe?" Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Wọn a kán ẹ̀jẹ̀ yín sí ojú mẹ́ta lórí awo funfun. Wọn a kán oògùn olómi búlúù kan sí èkíní, rúsúrúsú sí èkejì, èyí tó mọ́ bí omi sí ẹ̀kẹta. Wọn a rò ó, wọn a sì mi awo náà. Bí ti búlúù bá ṣù, ẹ̀jẹ̀ yín jẹ́ A. Bí ti rúsúrúsú bá ṣù, B ni. Bí méjèèjì bá ṣù, AB ni. Bí méjèèjì kò bá ṣù, O ni. Ẹ̀kẹta ló ń sọ ti Rh: bí ó bá ṣù, pọ́sítífù; bí kò bá ṣù, nẹ́gẹ́tífù. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ohun tó ń bà á jẹ́ jù ni kí orúkọ ẹlòmíràn wà lára ìgò yín. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ ka orúkọ ara ìgò náà kí wọ́n tó gbé e lọ.

Bí ìyá bá jẹ́ nẹ́gẹ́tífù, àyẹ̀wò kejì wà tó ń sọ tẹ́lẹ̀. Robin Coombs, Arthur Mourant àti Robert Race ló gbé e jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1945. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jókòó sínú ìgò, á sun sísàlẹ̀, omi rẹ̀ á lé sókè bí omíkan orí ògì. Inú omi yẹn ni àwọn ọmọ-ogun wà, bí wọ́n bá wà. Wọn a fi omi náà wá ẹ̀jẹ̀ pọ́sítífù, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a sì kán oògùn Coombs sí i. Bí ó bá ṣù, ọmọ-ogun ti wà.

Mélòó ni wọ́n? Wọn a máa bu omi iyọ̀ là á ní ìlọ́po méjì méjì: 1:2, 1:4, 1:8, 1:16, 1:32. Ẹ ronú kan ẹlẹ́mu tó ń bu omi la ẹmu. Ẹmu tí a ti là nígbà márùn-ún tó sì tún ń pani, ẹmu náà le o. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tó ṣì ń ṣù ní 1:32. Láti 1:16 tàbí 1:32, gẹ́gẹ́ bí lábù kọ̀ọ̀kan ti ń kà á, dókítà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọmọ inú gidigidi. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Bí ó bá jẹ́ 1:4 lóṣù tó kọjá tó sì di 1:32 lóṣù yìí, sísáré tó ń sáré yẹn gan-an ni ẹ̀rù. Ní àwọn ìlú bíi Dẹ́nmáàkì àti Nẹ́dálándì, wọ́n tilẹ̀ ń mọ Rh ọmọ láti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn yín rèé. Bí ìyàwó bá jẹ́ nẹ́gẹ́tífù tí ẹ̀yin bàbá ọmọ náà sì jẹ́ nẹ́gẹ́tífù, kò sí ìjà Rh. Nítorí náà, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò tiyín. Ẹ má sì ṣe sọ àbájáde rẹ̀ di ẹjọ́ nílé. Ìyá O àti bàbá A lè bí ọmọ O. Pọ́sítífù méjì lè bí nẹ́gẹ́tífù. Kì í ṣe àlè ló gbé e wá.

Ìjà kejì, tí ó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa

Ẹ má sọ pé, "O+ lèmi, mo ti bọ́." Ìyá tó jẹ́ O lè bí ọmọ A tàbí B. Ẹni tó jẹ́ O ti ní ọmọ-ogun tó lòdì sí A àti B nínú ara láti kékeré, kó tó lóyún rárá. Nítorí náà ìjà yìí kì í dúró de ọmọ kejì. Ó lè mú àkọ́bí. Kì í sábà le bí ti Rh, ṣùgbọ́n torí pé ẹ̀yà O pọ̀ láàrin wa, ó ń bá ọ̀pọ̀ ilé.

Àyẹ̀wò rẹ̀ wà pẹ̀lú. Wọn a da omi ẹ̀jẹ̀ ìyá mọ́ hóró A tàbí B, wọn a fi í sí ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn. Bí omi náà bá di pupa, hóró ti ń bẹ́ nìyẹn. Ní ilẹ̀ wa, àwọn ẹlẹ́jẹ̀ O tí ọmọ-ogun wọn le báyìí pọ̀, ìdí sì nìyí tí kò fi yẹ kí a kàn máa fa ẹ̀jẹ̀ O fún gbogbo ènìyàn láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín: àyẹ̀wò yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ tẹ́lẹ̀ dáadáa nípa ọmọ. Kì í ṣe gbogbo òjò tó ṣú ní í rọ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá tí omi ẹ̀jẹ̀ wọn le ló ń bí ọmọ tí ojú rẹ̀ kàn pọ́n díẹ̀. Nítorí náà, lára ọmọ fúnra rẹ̀ ni kí a ti wo ìyókù.

Bí agbẹ̀bí bá ti gé ìwọ́, ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìwọ́ tó kù lára ibi. Kò dun ọmọ, kò dun ìyá. Lára rẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ ọmọ, bóyá ọmọ-ogun ìyá ti lẹ̀ mọ́ ọn, àti iye bilirúbìn. Nínú ìjà O pẹ̀lú A tàbí B, Coombs lè sọ pé kò sí nǹkan kan nígbà tí nǹkan wà. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn pa ojú yín dé.

Ohun kan tún wà tí kì í ṣe ìjà ìyá àti ọmọ, ṣùgbọ́n tí a kò lè fò ní Èkó. G6PD ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń dáàbò bo hóró pupa. Nínú àwọn ọkùnrin Yorùbá, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin sí márùn-ún ni kò ní i tó. Ní 1963, àwọn dókítà tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Lancet bí ó ṣe so mọ́ ibà pọ́njú ọmọ tuntun. Káńfọ̀ funfun tí à ń kó sáàrin aṣọ ló máa ń fọ́ hóró pupa irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kó káńfọ̀ kúrò nínú àpótí aṣọ ọmọ. Bí aṣọ bá ti ń run káńfọ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, kí ẹ tó wọ̀ ọ́ fún un.

Wíwo ọmọ nílé

Ibà pọ́njú tó bá yọ kí ọmọ tó pé wákàtí 24, ewu ni, kò sí àríyànjiyàn. Ẹ wo ọmọ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù. Ẹ wo funfun ojú rẹ̀, èrìgì rẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá ti pọ́n, ẹ ti pẹ́. Bí kò bá mu ọmú, bí ó bá ń ké kíkankíkan, bí ó bá ń ká ẹ̀yìn bí ọrún, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Láti Ládìpọ̀, LUTH ní Ìdí-Àràbà kò jìnnà.

Omi ìbẹ́pẹ kò wò ó. Omi gúlúkóòsì kò wò ó. Ampiclox kò wò ó. Ohun tí gbogbo wọn ń ṣe ni pé wọ́n ń jẹ ọjọ́ mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Sísá ọmọ sóòrùn ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn. Ní 1956, nọ́ọ̀sì kan ní Rochford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sister Jean Ward, rí i pé ara ọmọ tí oòrùn bá kì í pọ́n bí ibi tí aṣọ bò. Láti ibẹ̀ ni iná búlúù tí wọ́n ń tàn sí ọmọ lára ti wá. Nígbà tí ó sì jẹ́ pé iná kì í dúró lọ́dọ̀ wa, àwọn oníwádìí lo àgọ́ tí wọ́n fi ọ̀rá pàtàkì bò ní Island Maternity, Èkó. Ọ̀rá náà ń sẹ́ ooru àti ìtànṣán tó ń jóni kúrò nínú oòrùn. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015: ó ṣiṣẹ́ bí iná. Ṣùgbọ́n ọ̀rá yẹn ló ṣe é, abẹ́ ìṣọ́ nọ́ọ̀sì sì ni. Oòrùn ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe ọ̀kan náà.

Bí iná kò bá tó, wọn a pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Wọn a máa fa díẹ̀ jáde, wọn a máa dá díẹ̀ padà. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ inú ọmọ tó wọn kílò mẹ́ta kò kún ìgò mínírà kan, ẹ wo bí ọwọ́ wọn ti gbọ́dọ̀ rọ̀ tó. Ẹ̀jẹ̀ tí kò ní bá ọmọ-ogun ìyá jà ni wọ́n ń wá. Ẹni tó bá ti mú ìwé ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ ìyá lọ́wọ́ dé ibẹ̀ ti dín wákàtí kù fún wọn.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Kí ni O− ń sọ fún wa? Kí ni AA ń sọ fún wa?

2. Obìnrin A− kan bí ọmọ O+ ní ago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ní ọjọ́ wo, ní ago mélòó, ni wákàtí 72 yóò pé?

3. Èwo ló le jù: 1:8 tàbí 1:32? Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tó jókòó tì yín.

4. Ẹ da èyí kọ sínú ìwé yín, kí ẹ fi tiyín dí àyè tó ṣófo. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó fi àyè náà sílẹ̀ títí yóò fi ti ilé àyẹ̀wò dé:

Orúkọ mi ni ................ Ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ mi ni ...... Ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi tàbí ìyàwó mi ni ......